Ta Ni Ó Jókòó Sórí Katapílà? Àyẹ̀wò Ìtàn Ọmọdé Méjì fún Àwọn Olùkọ́ Mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà

Ìbéèrè tí ó bí àyẹ̀wò yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí ọmọdé tàbí àgbà bá ti mọ lẹ́tà tán, tí ó sì lè ka gbólóhùn kúkúrú láìkọsẹ̀, kí ni yóò máa kà? Àlọ́ Ìjàpá wà nílẹ̀, a kò sì ní fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ń rí katapílà bí ó ti ń la ọ̀nà kọjá lẹ́bàá ilé wọn, ìbáà ṣe ní Kétu tàbí ní Sábẹ̀, ó yẹ kí ó bá katapílà pàdé nínú ìwé pẹ̀lú. Bí a bá sì ti gbà bẹ́ẹ̀, ìbéèrè kejì kò ní pẹ́ yọjú: ta ni ó jókòó sórí katapílà náà?

Ìtàn méjì láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni a ó fi wá ìdáhùn. A yàn wọ́n nítorí pé wọ́n gbajúmọ̀, wọ́n sì dára tó ohun tí à bá túmọ̀ fún àwọn ọmọ wa. A tún yàn wọ́n nítorí pé ibì kan wà nínú wọn tí olùtumọ̀ lè gbà ṣìnà láìfura.

1. Ìtàn méjèèjì

Virginia Lee Burton, tí a bí ní 1909 tí ó sì kú ní 1968, ni ó kọ ìtàn méjèèjì, òun náà ni ó sì ya àwòrán inú wọn. Ìwé àkọ́kọ́, Mike Mulligan and His Steam Shovel, jáde ní 1939. Èkejì, Katy and the Big Snow, jáde ní 1943. Ní ọdún 1943 yìí kan náà ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Caldecott, tí wọ́n máa ń fún ayàwòrán ìwé ọmọdé ní Amẹ́ríkà, nítorí ìwé rẹ̀ mìíràn, The Little House. Kì í ṣe òǹkọ̀wé kékeré ni a ń wí.

Nínú ìtàn kìíní, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Mike Mulligan ní ẹ̀rọ agbẹ́lẹ̀ kan tí ó ń fi agbára omi híhó ṣiṣẹ́. Ó sọ ẹ̀rọ náà ní orúkọ obìnrin, Mary Anne. Àwọn méjèèjì ti gbẹ́ odò fún ọkọ̀ ojú omi, wọ́n ti la òkè fún ọkọ̀ ojú irin, wọ́n sì ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ àwọn ilé gogoro. Nígbà tí ẹ̀rọ tuntun tí ń lo epo àti iná mànàmáná dé, kò sí ẹni tí ó tún fẹ́ Mary Anne mọ́. Mike kò fẹ́ jù ú nù. Ó mú un lọ sí ìlú kékeré kan, ó sì ṣe àdéhùn pé àwọn yóò gbẹ́ yàrá abẹ́ ilẹ̀ fún gbọ̀ngàn ìlú láàárín ọjọ́ kan péré. Bí kò bá parí, kí wọ́n má san owó. Àwọn ará ìlú pé lé wọn lórí, iṣẹ́ sì ń yá sí i bí èrò ti ń pọ̀ sí i. Oòrùn wọ̀, iṣẹ́ parí. Àṣé wọn kò fi ọ̀nà sílẹ̀ tí Mary Anne yóò gbà jáde nínú kòtò! Ọmọdékùnrin kan ni ó dá a lábàá pé kí ẹ̀rọ náà kúkú dúró síbẹ̀, kí ó di ìléru tí yóò máa mú ilé náà móoru, kí Mike sì di olùtọ́jú ilé.

Nínú ìtàn kejì, Katy ni katapílà pupa kan tí ó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ tí ń tọ́jú ọ̀nà ní ìlú kan tí a pè ní Geoppolis. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó ń ti erùpẹ̀. Nígbà òtútù, ó ń ti òjò dídì kúrò lójú ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan, òjò dídì bo gbogbo ìlú. Àwọn ọkọ̀ tí ó kù kò lè rìn. Katy nìkan ni ó jáde. Ó la ọ̀nà fún ọlọ́pàá, fún àwọn tí ń kó lẹ́tà, fún àwọn tí ń tún wáyà tẹlifóònù ṣe, fún dókítà tí ó ń mú aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, fún panápaná, fún pápákọ̀ òfuurufú. Kò sinmi títí gbogbo ìlú fi là.

2. Ohun tí ó dára nínú wọn

A kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀sùn. Ohun kìíní tí ó dára ni pé iṣẹ́ gan-an ni ìtàn wọ̀nyí ń sọ. Òǹkọ̀wé kò kàn wí fún ọmọ pé ẹ̀rọ lágbára. Ó fi hàn án bí a ti ń gbẹ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí ó gún régé. Ó fi hàn án ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ìlú bí ọ̀nà bá dí, ẹni tí kò ní rí oògùn gbà àti ẹni tí kò ní rí omi. Ọmọ tí ó bá ka Katy tán ti mọ ohun tí ọ̀nà wà fún.

Ohun kejì ni ìlànà àtúnwí. Ẹnì kan ké pe Katy, Katy dá a lóhùn, ó là á lọ́nà. Òmíràn tún ké pè é, ó tún dáhùn. Bí orin àlọ́ ni èyí rí: ọmọ ti mọ ìdáhùn kí a tó kà á, nípa bẹ́ẹ̀ ni ojú rẹ̀ fi ń mọ ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé. Àwòrán ìlú kan tún wà nínú ìwé náà tí a fi nọ́ńbà sí ilé kọ̀ọ̀kan lára rẹ̀. Olùkọ́ tí ó bá ní pátákó àti ẹfun lè ya ti abúlé rẹ̀ bákan náà.

Ohun kẹta ni ọgbọ́n ọmọ inú ìtàn kìíní. Àwọn àgbà dúró létí kòtò, ọ̀rọ̀ sú wọn; ọmọdé ni ó rí ọ̀nà. Kí ni àwọn baba wa wí? Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Òwe yìí kò jìnnà sí ìtàn náà rárá.

3. Obìnrin nínú irin

Ẹ jẹ́ kí á wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ méjèèjì tí ó lágbára jù nínú ìtàn wọ̀nyí, orúkọ obìnrin ni wọ́n ń jẹ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ń pè wọ́n ní she láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti yin Burton nítorí èyí, wọn kò sì jẹ̀bi. Ní àkókò tí ọ̀pọ̀ ìwé ń fi ọmọbìnrin sí ìdí bèbí àti ìdí ààrò, ẹni tí ó ní Katy ni ó gba ìlú là ti ṣe ohun tí kò kéré.

Síbẹ̀, bí a bá wo ìtàn Mike dáadáa, a ó rí i pé obìnrin ni ẹ̀rọ, ọkùnrin ni ó ń wà á. Mary Anne ni ó ń ṣe iṣẹ́, Mike ni ó ń ṣe àdéhùn, òun ni ó ń pinnu, òun ni a ó san owó fún. Ní òpin ìtàn, Mary Anne wà ní abẹ́ ilẹ̀, kò ní jáde mọ́. Mike jókòó tì í, ó ń fa páìpù rẹ̀, obìnrin ará ìlú kan sì ń gbé oúnjẹ gbígbóná wá fún un. Agbára wà lọ́dọ̀ obìnrin irin. Obìnrin ẹlẹ́ran ara wà ní ìdí oúnjẹ. Láàárín àwọn méjèèjì, ibì kan ṣófo, ibẹ̀ sì ni àga awakọ̀.

A kò sọ èyí láti dá ẹni tí ó ti kú lẹ́jọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ìtàn tí a ń pè ní ìtàn obìnrin alágbára lè jẹ́ ìtàn irin tí a wọ̀ láṣọ obìnrin. Ọmọbìnrin tí ó bá ka Katy lè fẹ́ràn Katy. Ṣùgbọ́n bí ó bá dàgbà, kò lè di Katy. Awakọ̀ Katy ni ó lè dà.

4. Ọ̀rọ̀ lórí ó àti wọ́n

Ibi tí iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Bí a bá fẹ́ túmọ̀ Katy sí èdè Faransé, wàhálà kan wà: tracteur jẹ́ akọ nínú gírámà wọn. Orúkọ yóò máa fa ọ̀rọ̀ sí apá kan, gírámà yóò máa fà á sí apá kejì. Bí a bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa awakọ̀, a kò lè la ẹnu rárá kí a má yàn: conducteur ni tàbí conductrice. Láti ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ni òǹkàwé ti mọ̀.

Èdè tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ wa, ó, kò ya akọ sọ́tọ̀ kúrò lára abo, kò sì ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára igi. Bí a bá túmọ̀ Katy, tí a kọ ó ní gbogbo ibi tí Burton ti kọ she, gbogbo ohun tí wọ́n ń yin ìwé náà fún ti lọ, àfi orúkọ nìkan. Ọmọ Kétu tí kò mọ̀ pé orúkọ obìnrin ni Katy kò ní mọ̀ pé ọ̀rọ̀ obìnrin kan tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn kan lè wí pé àléébù ni èyí jẹ́ nínú èdè wa. A kò gbà. Ẹ wo gbólóhùn yìí: Awakọ̀ náà gun orí katapílà, ó tan iná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Kò sí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀ tí ó sọ pé ọkùnrin ni. Kí olùkọ́ kà á sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ létí, kí ó sì ní kí wọ́n ya àwòrán awakọ̀ náà. Bí wọ́n bá ya ọkùnrin, kì í ṣe gírámà ni ó kọ́ wọn. Ẹni tí ń sọ Faransé lè di ẹ̀bi ru gírámà rẹ̀. Àwa kò ní gírámà tí a ó di ẹ̀bi rù. Èmi tí mò ń kọ èyí, ilé ìwé Faransé ni mo ti kàwé, mo sì jẹ́wọ́ pé nígbà tí mo kọ́kọ́ kọ gbólóhùn yẹn sílẹ̀ fún àpẹẹrẹ, ọkùnrin ni mo rí lọ́kàn mi. Ọwọ́ mi kọ ó. Ojú inú mi ti yàn kí ọwọ́ tó kọ ọ́.

Ohun kan sì wà tí èdè Yorùbá lè ṣe tí Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣe. Ọmọ tí ó bá ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ kì í sọ pé ó. Wọ́n ni yóò sọ, nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí: Ìyá mi gun orí katapílà. Wọ́n tan iná rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bú. Nínú Gẹ̀ẹ́sì Burton, bí ìyá bá gun orí Katy, she ni ìyá, she náà sì ni Katy: orúkọ arọ́pò kan ni obìnrin àti irin jọ ń jẹ́. Nínú tiwa, wọ́n ni ènìyàn, ó ni irin. Ọ̀wọ̀ tí ọmọ ń bù fún ìyá rẹ̀ ni ó fi ààlà sí àárín wọn. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ó ń lo wọ́n fún ọ̀wọ̀. Níbi tí wọn kì í bá ti lò ó, kí olùkọ́ tún orúkọ ìyá pè dípò rẹ̀, kò ní ba ìtàn jẹ́.

5. Iṣẹ́ agbára àti àga ìjókòó

Àríyànjiyàn kan wà tí a gbọ́dọ̀ dáhùn. Wọ́n lè bi wá pé: ẹ̀yin ta ni ó rí obìnrin lórí katapílà ní Sábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ rí? Ṣé kì í ṣe irọ́ ni ẹ fẹ́ kí a kọ́ àwọn ọmọ? Ìdáhùn kìíní rọrùn. Kò sí ẹni tí ó rí Ìjàpá kí ó máa sọ̀rọ̀ rí, síbẹ̀ a kò fòfin de àlọ́. Ìdáhùn kejì ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: irọ́ kọ́. Ní 1933, ní orílẹ̀-èdè Soviet nígbà náà, Pasha Angelina kó àwọn obìnrin jọ, wọ́n sì di ẹgbẹ́ awakọ̀ ẹ̀rọ ìtúlẹ̀. Lónìí, ní àwọn ibi ìwakùsà ní Ọsirélíà àti ní Chile, obìnrin ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tí táyà rẹ̀ ga ju ènìyàn lọ.

Ìdáhùn kẹta wà nílé. Ta ni ó ń tẹ èkùrọ́ àti epo nínú ẹkù? Ta ni ó ń ru omi láti odò? Ta ni ó ń fọ́ òkúta tí wọ́n fi ń kọ́ ilé, tí ó ń gún iyán? Iṣẹ́ agbára kò jìnnà sí obìnrin wa rí. Àga ìjókòó ẹ̀rọ ni ó jìnnà sí wọn. Ọ̀rọ̀ yìí sì yani lẹ́nu bí a bá rò ó wò, nítorí pé ẹ̀rọ ni ó yẹ kí ó mú iṣẹ́ rọrùn fún ẹni tí agbára apá rẹ̀ kò tó. Níbi tí apá nìkan ti ń ṣiṣẹ́, a fi í sílẹ̀ fún obìnrin. Níbi tí irin ti ń ṣe é, tí a kàn ń fi ọwọ́ darí rẹ̀, ọkùnrin ni a pè.

Ester Boserup, onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ará Denmark, ti tọ́ka sí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí ó kọ ní 1970 lórí iṣẹ́ obìnrin. Ó fi hàn pé ní ilẹ̀ Áfíríkà, níbi tí obìnrin ti ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ oko, ọkùnrin ni wọ́n kọ́ ní ìmọ̀ tuntun, òun náà ni wọ́n fún ní irinṣẹ́ tuntun. Òfin pẹ̀lú kò gbẹ́yìn: ní 1935, àjọ àgbáyé tí ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ṣe àdéhùn tí ó ka iṣẹ́ abẹ́ ilẹ̀ ní ibi ìwakùsà léèwọ̀ fún obìnrin. A kò ní kí ìwé ọmọdé kan ṣoṣo yí èyí padà. Ṣùgbọ́n ìwé kíkà wà lára ibi tí ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìjókòó tí ó jẹ́ tirẹ̀ àti èyí tí kì í ṣe tirẹ̀.

6. Ìtàn tí ó yẹ kí a kọ

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a má túmọ̀ Katy ní tààrà. Òjò dídì kò sí lọ́dọ̀ wa; bí a bá ní láti fi ojú ìwé méjì ṣàlàyé rẹ̀ kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ìtàn ti kú. Ìléru tí ń mú ilé móoru pàápàá, àwàdà ni yóò dà létí ọmọ tí oòrùn ń pa. Ohun tí ó yẹ kí a gbà lọ́wọ́ Burton ni ìlànà rẹ̀: ìlú tí ọ̀nà dí, àwọn ènìyàn tí ń ké fún ìrànlọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, àti iṣẹ́ tí a fi sùúrù ṣe títí ó fi parí. Ọ̀nà erùpẹ̀ pupa tí àgbàrá ti wó lójò wà níbi gbogbo lọ́dọ̀ wa. Agbẹ̀bí tí kò lè kọjá wà, ọkọ̀ ọjà wà, olùkọ́ tí ilé ìwé ń retí náà wà.

Kí òǹkọ̀wé sì kíyè sí ohun mẹ́ta. Kìíní ni gbólóhùn ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá kọ pé Ìyá mi ni awakọ̀ katapílà, ó ti gbé ìyá síwájú ni kí ẹnu lè ya òǹkàwé, bí ẹni pé à ń jiyàn ta ni awakọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá kọ pé Awakọ̀ katapílà ni ìyá mi, iṣẹ́ ni ó sọ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé Aláró ni ìyá mi tàbí Alágbàfọ̀ ni ìyá mi. Gbólóhùn kejì yìí ni ó dára. Fún ìdí kan náà, kí ó má ṣe fi ó pa mọ́ títí dé ojú ìwé ìkẹyìn kí ó tó wí pé obìnrin ni. Ẹni tí a fi ṣe àrà ní òpin ìtàn, àrà ni yóò máa jẹ́.

Èkejì ni iṣẹ́ náà. Kí ìyá jí ní kùtùkùtù, kí wọ́n yí ẹ̀rọ po lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n wo epo, kí wọ́n wo omi, kí wọ́n wo ẹsẹ̀ irin rẹ̀ bóyá òkúta há sí i. Kí ọmọ mọ̀ pé abẹ gbọọrọ iwájú katapílà kì í wọlẹ̀ jù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ yóò kú sí ojú iṣẹ́. Kí ó mọ̀ pé wọ́n ń bó erùpẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, bí a ti ń bó èèpo iṣu. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí ó fẹ́ yin obìnrin ń kún fún ìyìn, kò sì sí iṣẹ́ nínú rẹ̀. Burton kò ṣe bẹ́ẹ̀ fún irin. Kí á má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Ẹ̀kẹta ni ó le jù, nítorí pé ẹnu wa ti mọ́ ọn lára. Nígbà tí ìyá bá la ọ̀nà tán, tí agbẹ̀bí kọjá, tí ọjà kọjá, baba arúgbó kan nínú ìtàn yóò fẹ́ dìde láti kí wọn. Ohun tí yóò kọ́kọ́ wá sí òǹkọ̀wé lọ́kàn ni kí baba náà pè wọ́n ní obìnrin bí ọkùnrin. Ìyìn ni a kà á sí, tọkàntọkàn ni a sì fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e yẹ̀ wò: pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí, a ti ní kí obìnrin náà dìde lórí àga tí ó ti jókòó sí láti àárọ̀, a sì ti gbé ọkùnrin tí kò sí níbẹ̀ jókòó. Kí baba náà kí wọn bí a ti ń kí gbogbo òṣìṣẹ́. Kí ó wí pé: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí ìyá dáhùn, kí wọ́n pa iná ẹ̀rọ, kí wọ́n sọ̀kalẹ̀. Kí ìtàn parí síbẹ̀.